Ohun tí Fáìlì Mọ̀, Ohun tí Kọ̀ǹpútà Gbọ́

Àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí tó ń wá sí ẹ̀ka àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn lóde òní kì í béèrè fáìlì mọ́. Dátà ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n á mú ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìwádìí dání, wọ́n á ní àwọn ń fẹ́ orúkọ àrùn, ọjọ́ orí, ọjọ́ ìwọlé, ọjọ́ ìjáde, àti bóyá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni aláìsàn fi jáde àbí ńṣe ni wọ́n gbé e jáde. Ti ọdún mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. N kì í bá wọn jà. Nígbà tí mo wọṣẹ́ yìí, ẹni tó bá fẹ́ mọ iye aláìsàn rọpárọsẹ̀ tó kú lọ́dún kan á wọ yàrá fáìlì lọ, á fi aṣọ bo imú, á máa tú u lọ́kọ̀ọ̀kan títí oṣù á fi lé òmíràn. Kọ̀ǹpútà ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí kí olùwádìí tó mu omi inú ife tán. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n kí n tó tẹ ohunkóhun, mo máa ń bi wọ́n léèrè pé: kí ni ẹ rò pé wọ́n torí rẹ̀ kọ ohun tí ẹ fẹ́ gbà yìí?

Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ronú kàn án rí. Wọ́n kọ káàdì kí dókítà tó máa rí aláìsàn lọ́la lè mọ ohun tí ti àná ṣe. Wọ́n kọ rẹ́jísítà wọ́ọ̀dù kí nọ́ọ̀sì tó ń gbaṣẹ́ lálẹ́ lè mọ ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ń ṣírò iṣẹ́ oṣooṣù kí ìjọba ìbílẹ̀, ìpínlẹ̀ àti Àbújá lè mọ ibi tí oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára yẹ kó lọ. Wọ́n kọ orúkọ àrùn sórí ìwé ìjáde kí HMO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera, lè sanwó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n torí ìwádìí ṣe. Olùwádìí ni àlejò tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti pín oúnjẹ tán; ohun tó bá kù nínú ìkòkò ló máa bù jẹ. Àkọsílẹ̀ lè péye fún iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́, kó sì ṣi ẹni tó bá fi dáhùn ìbéèrè mìíràn lọ́nà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ṣé dátà wa péye, èmi náà á bi í pé: péye fún kí ni?

Ẹ jẹ́ ká bá àkọsílẹ̀ rìn láti ẹnu géètì. Orúkọ ló ṣáájú. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí wọ́n bí lónìí kì í sábà ní orúkọ títí di ọjọ́ kẹjọ. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun lọ́jọ́ kẹta nítorí ibà pọ́njú, "Baby" àti orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa kọ sórí káàdì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bá fi gbé e padà wá gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Káàdì tuntun, nọ́ńbà tuntun. Ọmọ méjì ni lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan wọlé pẹ̀lú àìsàn, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Èkejì ṣàdédé yọ, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò ní ìtàn kankan. Ẹni tó ń wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó ní ibà pọ́njú lẹ́yìn ọdún kan á kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ni kò padà wá, bẹ́ẹ̀ wọ́n padà wá, orúkọ ni kò bá wọn padà.

Ti àwọn ìbejì wá yàtọ̀ pátápátá, Yorùbá sì wà lára àwọn ẹ̀yà tó ń bí ìbejì jù lọ láyé. Táíwò àti Kẹ́hìndé ní bàbá kan, ọjọ́ ìbí kan, àdírẹ́ẹ̀sì kan, àti nọ́ńbà fóònù ìyá kan ṣoṣo. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe níbi tí ìbejì kò ti wọ́pọ̀ á wo gbogbo èyí, á ní ẹnìkan ṣoṣo ni, ló bá da àkọsílẹ̀ méjèèjì pọ̀. Orúkọ àmútọ̀runwá tó yẹ kó yà wọ́n sọ́tọ̀ lè má sí lórí káàdì rárá bí ìyá bá pe orúkọ ìjọ nìkan fún akọ̀wé, tàbí bí akọ̀wé bá kọ lẹ́tà kan péré sí ààyè orúkọ kejì. Ẹ fi ti àwọn obìnrin tó wọlé pẹ̀lú orúkọ bàbá, tí wọ́n padà wá pẹ̀lú orúkọ ọkọ, kún un. Ẹ fi ti Ṣọlá náà kún un, tó jẹ́ Sola lórí káàdì kan, tó di Shola lórí èkejì. Nítorí náà, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe kò kan àrùn rárá. Orúkọ mélòó ló wà nínú ìwé yìí, èèyàn mélòó ló sì wà lẹ́yìn wọn? Olùwádìí tí kò bá tíì lè dáhùn ìyẹn kò tíì yẹ kó máa ka aláìsàn.

Ọjọ́ orí ló tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fi ọjọ́ orí àwọn aláìsàn tó ti dàgbà ya àwòrán, ẹ ó rí i tó ga fíofío ní 40, ní 50, ní 60, tó sì rẹlẹ̀ ní 41 àti 59, bí ẹni pé àrùn ń ka ọjọ́ ìbí kó tó kọlu èèyàn. Àwọn tí wọ́n kò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀ ni. Bàbá àgbàlagbà á ní òun ti ń lọ sóko pẹ̀lú bàbá òun nígbà òmìnira, akọ̀wé á ṣírò rẹ̀ láti 1960, á kọ 70. Bí èrò bá pọ̀ lórí ìlà, á kàn kọ "Ad." sí ààyè ọjọ́ orí, ìyẹn ni pé àgbàlagbà ni. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ mọ wọ́ọ̀dù tí yóò gbé aláìsàn lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kó o sínú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ló ń gbà, ààyè náà á ṣófo, mo sì ti rí ètò tó ń sọ ààyè tó ṣófo di òdo. Bí bàbá arúgbó ṣe ń di ọmọ ọwọ́ nìyẹn. Ohun tí mo máa ń gbà wọ́n níyànjú ni pé kí wọ́n pín ọjọ́ orí sí ìsọ̀rí tí 40 tàbí 50 máa bọ́ sí àárín gbùngbùn rẹ̀, kó má bọ́ sí etí. Nígbà náà, ẹni tó jẹ́ 48 tó ní òun jẹ́ 50 ṣì máa wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni orúkọ àrùn. Láti 1994 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ICD-10, ìwé ìsọ̀rí àrùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, àtìgbà náà ni àrùn kọ̀ọ̀kan ti ní lẹ́tà àti nọ́ńbà tirẹ̀. ICD-11 ti tẹ̀ lé e láti oṣù kìíní 2022, àmọ́ ICD-10 ló ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa. Dókítà á kọ àrùn sílẹ̀ bó ṣe yé e, akọ̀wé kóòdù á sì sọ ọ́ di nọ́ńbà. Bí dókítà bá ń fura sí taifọ́ọ̀dù, tí àyẹ̀wò kò sì tíì dé, á kọ àmì ìbéèrè síwájú orúkọ àrùn náà. Aláìsàn lè ti lọ sílé kí àbájáde àyẹ̀wò tó dé, ó sì lè jẹ́ pé kò rówó san án rárá. Àmì ìbéèrè yẹn kò ní kóòdù. Àwọn kan á sọ pé àṣìṣe akọ̀wé ni, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: ìlànà ICD-10 fúnra rẹ̀ sọ pé bí ìtọ́jú bá parí tí àrùn ṣì jẹ́ ìfura, tí kò sì sí àlàyé mìíràn, kí akọ̀wé fún un ní kóòdù bí ẹni pé ó dájú. Akọ̀wé pa òfin mọ́. Iyèméjì dókítà ló pòórá lójú ọ̀nà, olùwádìí sì gba ìdánilójú tí ẹnikẹ́ni kò ní.

Ẹ wo àrùn rọpárọsẹ̀. Kóòdù mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀: I61 fún ti ẹ̀jẹ̀ tó ya sínú ọpọlọ, I63 fún ti ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀nà rẹ̀ dí, I64 fún èyí tí a kò mọ̀ bóyá ó ya ni tàbí ó dí. Àwòrán inú orí tí ẹ̀rọ CT ń yà ló ń yà á sọ́tọ̀ fún wa, owó rẹ̀ sì ń jáde láti àpò àwọn ẹbí. Nílé ìwòsàn tí CT rẹ̀ ti bàjẹ́, tàbí tí ẹbí kò rówó, I64 ni òótọ́. Dókítà kọ "CVA", ìkékúrú orúkọ rọpárọsẹ̀, akọ̀wé kọ I64, kò sẹ́ni tó purọ́. Ẹni tó bá wá ń fi I63 àti I61 nìkan ka irú rọpárọsẹ̀ méjèèjì, àwọn tó rówó san CT ló ń kà. Bí èsì rẹ̀ bá ní irú kan ń pọ̀ sí i láti ọdún dé ọdún, kó kọ́kọ́ lọ béèrè ọdún tí ẹ̀rọ CT dé. Ọ̀rọ̀ ibà rí bẹ́ẹ̀ náà: ní 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni lóògùn ibà. Ibi tí wọ́n bá ti tẹ̀ lé e, ibà á dín kù nínú ìwé kí ẹ̀fọn kankan tó kú.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́. Ọ̀pọ̀ dókítà lórílẹ̀-èdè wa kì í kọ HIV gbàgede sórí fáìlì tó lè bọ́ sọ́wọ́ àna tàbí aládùúgbò. "RVD" ni wọ́n ń kọ. Àánú ló fà á. Àmọ́ olùwádìí tó bá ní kí kọ̀ǹpútà wá HIV kò ní rí ẹni tí wọ́n kọ RVD fún, yóò sì sọ pé iye wọn kò pọ̀. Ìtìjú tí dókítà dáàbò bo aláìsàn kúrò nínú rẹ̀ ti wọ inú ìṣirò.

N kò lè fojú fo ọ̀rọ̀ owó. Ní 1981, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Donald Simborg, kìlọ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine pé bí wọ́n bá ń fi orúkọ àrùn díwọ̀n owó tí wọ́n máa san fún ilé ìwòsàn, orúkọ àrùn á máa wúwo sí i. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Medicare, ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń sanwó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó lọ́nà bẹ́ẹ̀ gan-an, àwọn olùyẹ̀wò ìwé sì rí iṣẹ́ ṣe títí dòní. Kì í ṣe irọ́ pípa nìkan. Aláìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó tún ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ní orúkọ mẹ́ta tí wọ́n lè kọ. Owó ló ń sọ èyí tó máa ṣíwájú. Nílé wa níbí, HMO kì í fọwọ́ sí àyẹ̀wò tí kò bá sí orúkọ àrùn tó bá a mu, torí náà orúkọ àrùn lè dé sórí ìwé kí dókítà tó dá a lójú, kí àyẹ̀wò lè ráàyè wáyé.

Àwọn tó gbé ètò kan tí Báńkì Àgbáyé ṣe agbátẹrù rẹ̀ kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Násáráwá àti Adamawa mọ èyí dáadáa. Iye iṣẹ́ tí ilé ìwòsàn ṣe ni wọ́n fi ń sanwó fún un: aboyún mélòó, ọmọ mélòó tó gba abẹ́rẹ́ pé. Nítorí pé wọ́n mọ ohun tí owó lè fi bíírò ṣe, wọn kò gba rẹ́jísítà gbọ́ lásán. Nígbà tí ètò náà ń lọ, àwọn olùyẹ̀wò máa ń ka rẹ́jísítà ní ìlà dé ìlà, wọ́n sì tún máa ń rán àwọn èèyàn inú àdúgbò lọ sílé àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ láti béèrè pé: ṣé ẹ̀ ń gbé níbí, ṣé ẹ gba ìtọ́jú yìí lóòótọ́? Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ sanwó kì í gba ìwé gbọ́ láìdé ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ olùwádìí tó fẹ́ sọ fún gbogbo ayé bí wọ́n ṣe máa tọ́jú èèyàn ń gbà á gbọ́ lórí ìjókòó.

Báwo la ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà? Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni. A ó ní kí kọ̀ǹpútà kó gbogbo àwọn tó ní kóòdù rọpárọsẹ̀ jọ, a ó ṣẹ́ gègé mú lára wọn, a ó lọ fa fáìlì wọn jáde. Dókítà tí kò mọ kóòdù tí kọ̀ǹpútà ní yóò ka fáìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, yóò sì sọ ohun tó rí gẹ́gẹ́ bí àlàyé tí a ti fẹnu kò lé lórí ṣáájú: kí ni a máa pè ní rọpárọsẹ̀, ẹ̀rí wo ló tó? Lẹ́yìn náà ni a ó wá fi méjèèjì wé ara wọn. Bí 88 nínú ọgọ́rùn-ún fáìlì bá jẹ́ rọpárọsẹ̀ lóòótọ́, inú olùwádìí á dùn, á sì fẹ́ máa lọ sílé.

Iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì ni. Ohun tó mọ̀ ni pé, nínú àwọn tí kóòdù mú, mélòó ló ní àrùn náà. Kò tíì mọ̀ pé, nínú gbogbo àwọn tó ní àrùn náà, mélòó ni kóòdù mú. Láti mọ ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ wọ àárín àwọn tí kọ̀ǹpútà ní wọn kò ní rọpárọsẹ̀, kó ṣẹ́ gègé níbẹ̀ náà: àwọn tí wọ́n kọ ẹ̀jẹ̀ ríru fún, àwọn tí wọ́n kọ ìtọ̀ ṣúgà fún, àwọn tó kú kí ilẹ̀ tó mọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ráàyè kọ nǹkan gidi sórí ìwé wọn. Iṣẹ́ yìí ló ń rẹ èèyàn, torí èèyàn lè tú fáìlì púpọ̀ láìrí ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sá fún un, tí wọ́n sì ń gbé ìdajì àyẹ̀wò jáde bí odindi.

Ohun kan tún wà tó ń ya àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu nígbà gbogbo. Ká ní kóòdù kan ń mú 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní àrùn kan, tó sì ń fẹ̀sùn kan 5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò ní in. Ẹ lò ó fún 10,000 èèyàn tó wá sí ọ̀fíìsì dókítà lásán, tí 100 nínú wọn ní àrùn náà. Kóòdù á mú 90 tòótọ́. Nínú 9,900 tó kù, á mú 495 tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Gbogbo àwọn tó mú jẹ́ 585, àwọn tòótọ́ inú wọn kò ju nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ wá gbé kóòdù kan náà lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ, níbi tí 500 nínú 1,000 aláìsàn ti ní in. Á mú 450 tòótọ́ àti 25 tí kì í ṣe é. Nǹkan bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ òótọ́. Akọ̀wé kan náà, òfin kan náà, bíírò kan náà. Ẹni tó bá yẹ kóòdù wò ní wọ́ọ̀dù yẹn, tó wá gbé èsì rẹ̀ lọ bá gbogbo ìpínlẹ̀, ti gbé ìdáhùn ìbéèrè kan fún ìbéèrè mìíràn.

Ọ̀rọ̀ àwọn fáìlì tí a kò rí wá ńkọ́? Olùwádìí tó ń kánjú á ní, "Mọ̀mí, ẹ bá mi mú òmíràn rọ́pò rẹ̀." Mo máa ń kọ̀ jálẹ̀. Fáìlì kì í sọnù lásán nílé ìwòsàn. Fáìlì ẹni tó kú ikú tó ya èèyàn lẹ́nu wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ikú. Èyí tó ní ẹjọ́ nínú wà lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò. Èyí tó ní àrùn tó ṣọ̀wọ́n wà nínú búùtù ọkọ̀ ọ̀gá dókítà kan tó ti ń múra láti ọdún mẹ́ta láti kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí. Fáìlì aláìsàn tó ti wá léraléra sì ti pín sí apá méjì tàbí mẹ́ta tí wọn kò tò síbì kan. Bí o bá fi fáìlì tó rọrùn láti rí rọ́pò wọn, aláìsàn tó rọrùn láti tọ́jú lo fi rọ́pò aláìsàn tó le. Kọ iye tí o kò rí sílẹ̀, kọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ bí rẹ́jísítà bá ṣe fi hàn, jẹ́ kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Ẹni méjì ló sì yẹ kó ka fáìlì kan, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kì í kàn án ṣe pé kí wọ́n gbà pẹ̀lú ara wọn: bí àrùn kan bá ṣọ̀wọ́n, ẹni méjì tó ń kọ "kò ní in" sí gbogbo fáìlì láìtilẹ̀ ṣí i máa gbà pẹ̀lú ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ nígbà gbogbo. Ní 1960, Jacob Cohen ṣe ìṣirò tí wọ́n ń pè ní kappa láti yọ èyí tó jẹ́ kòńgẹ́ kúrò nínú ìfohùnṣọ̀kan bẹ́ẹ̀, a sì ń lò ó di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ ohun tó ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ ni àwọn fáìlì tí àwọn méjèèjì kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ibẹ̀ la ti ń mọ̀ pé fáìlì kì í ṣe Ọlọ́run. Nọ́ọ̀sì kọ pé ọwọ́ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́, dókítà kọ ọwọ́ òsì. Ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fáìlì jẹ́ ti ẹlòmíràn tí orúkọ wọn jọra. Ohun tí a fi ń yẹ kóòdù wò náà ń fẹ́ àyẹ̀wò, bí a bá sì ní òmíràn tí a lè fi wé e, bí ìwé láàbù, ìwé ilé oògùn, tàbí ìwé ìsìnkú, ká lò ó. Ọ̀nà tí ẹ̀ka tó ń forúkọ àwọn alárùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, ti ń tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 nìyẹn: wọn kì í dúró de ibì kan ṣoṣo kó sọ ìtàn gbogbo fún wọn.

Ká tó fi èsì wé ara wọn láti ọdún dé ọdún, ẹ jẹ́ ká bi ara wa bóyá ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́. Láti oṣù kẹrin sí ìparí oṣù karùn-ún 2018, JOHESU, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Nọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ láàbù wà nínú rẹ̀, àwa òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Àwọn dókítà kò sí lára wọn. Ẹni tó bá wo iye aláìsàn oṣù méjì yẹn, tó ní àrùn rọlẹ̀, kó mọ̀ pé àwọn tó ń kọ ọ́ ló wà nílé. Irú ihò bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú dátà 2020, nígbà tí kòrónà lé èèyàn sá fún ilé ìwòsàn. Kóòdù kò ní àmì tó máa fi sọ fún yín pé ìyàtọ̀ yìí kò ti ara aláìsàn wá.

Ìgbà tí gbogbo orílẹ̀-èdè rí àbájáde àìyẹ̀wò ni ìwádìí àjẹsára tí wọ́n ṣe láti ojúlé dé ojúlé ní 2016 sí 2017. Ó ní 33 péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ló gba abẹ́rẹ́ kẹta ti penta, àjẹsára tó ń dènà àrùn márùn-ún. Iye tí àwọn ilé ìwòsàn ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù ju ìyẹn lọ fíìfíì. Wọ́n kéde ọ̀rọ̀ àjẹsára ní pàjáwìrì ní 2017. Ọ̀pọ̀ ló fẹ̀sùn kan àwọn tó ń kọ rẹ́jísítà, ẹ̀bi wọn sì wà níbẹ̀: nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ní abúlé tó ní rẹ́jísítà tó ju mẹ́wàá lọ láti kọ lè kọ ìṣirò oṣù látorí ohun tó rántí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi wà nísàlẹ̀ ìlà ìṣirò náà pẹ̀lú. Iye ọmọ tó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń pín iye tó gbà á, orí ìkànìyàn 2006 ni wọ́n sì ti ń fojú bu iye yẹn. Bí àdúgbò kan bá ti kún láti ìgbà náà, èsì rẹ̀ lè ju ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Rẹ́jísítà lè tọ̀nà kínníkínní kí èsì sì jẹ́ àlá.

Ó wù mí kí ẹ rántí àwọn tó ń kọ ọ́. Láti 1989 ni òfin ti wà tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera sílẹ̀ ní Nàìjíríà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ olùwádìí ń gba dátà, wọ́n ń gba oyè, akọ̀wé kóòdù kì í sì í gbọ́ ohun tí wọ́n rí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Èyí kò dára fún ìwádìí tó ń bọ̀. Ilé ìwòsàn kan tí mo bá ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn fáìlì tí ẹnu kò kò lé lórí padà wá fún dókítà wọ́ọ̀dù àti akọ̀wé láti jọ kà á. Ìjíròrò níbẹ̀ kì í gùn. Dókítà á rí i pé ìkékúrú tí òun ń kọ ní ìtumọ̀ méjì, akọ̀wé á rí ibi tó yẹ kí òun ti fóònù béèrè. Ìwé ìjáde tó tẹ̀ lé e máa ń yé èèyàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí sọ́fítíwíà tó ṣe ìyẹn rí.

Láti 2015 ni ìlànà RECORD ti wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fi irú dátà yìí ṣèwádìí, ohun tó sì ń béèrè kò le: sọ kóòdù tí o lò, sọ bí o ṣe yan àwọn èèyàn rẹ, sọ bóyá ẹnikẹ́ni ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí o sì sọ bí o ṣe so àkọsílẹ̀ kan mọ́ òmíràn. Ìbéèrè tèmi ṣáájú rẹ̀, mo sì ń béèrè rẹ̀ nígbà tí olùwádìí bá ṣì ń ṣètò owó. Bí ohun tí o fẹ́ ṣe bá jẹ́ láti wá aláìsàn tó máa gba oògùn tuntun kan, o nílò kóòdù tó mú àwọn tòótọ́ nìkan, bó bá tilẹ̀ fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ ka iye àwọn tí àrùn kan ń bá jà, o nílò èyí tó kó gbogbo wọn, bí ìyàngbò bá tilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kóòdù kan náà kò lè ṣe méjèèjì dáadáa, àyẹ̀wò kan náà kò sì lè jẹ́rìí fún méjèèjì. Bí ìbéèrè bá yí padà, àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Owó ni wọ́n sábà máa ń fi dá mi lóhùn: fífa fáìlì ń gba àkókò, dókítà tó máa kà á ń gba owó, àwọn tó fún wọn lówó ìwádìí sì fẹ́ èsì kíá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní owó dátà ọdún mẹ́wàá, tí kò ní owó láti tú igba fáìlì wò, kó gba ti ọdún méjì, kó fi ìyókù tú fáìlì.